Bí a ṣe ń wá owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ìwádìí ìṣègùn tí ẹ̀ka ìmọ̀ púpọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe: ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Èkó

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́ tàbí olùwádìí ní yunifásítì tí ó wà ní Èkó, tí ó ní èrò kan nípa àìsàn tàbí ìtọ́jú, tí èrò náà sì ju ohun tí ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀ nìkan lè gbé lọ. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn owó tí kò pọ̀, tí yunifásítì tàbí àjọ kan yà sọ́tọ̀ kí a lè fi dán èrò tuntun wò kí a tó lọ béèrè owó ńlá. Iṣẹ́ owó yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń ra ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹni tí owó ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi wá. Ẹni tí ó bá fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ̀rọ olówó gọbọi sí láàbù, tí kò sì ní ìdáhùn kankan lọ́wọ́ nígbà tí owó tán, kò ní ohun tí yóò gbé tọ ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ẹ ó mọ̀ nígbà tí owó yìí bá tán, tí ẹ kò mọ̀ lónìí. Bí gbólóhùn náà kò bá ṣeé kọ, àsìkò kò tíì tó láti gba fọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá ìbéèrè náà lọ sí wọ́ọ̀dù

Ìbéèrè tí ó ń mówó wá kì í sábà ti orí tábìlì ẹni tí ń wá owó jáde. Wọ́ọ̀dù ni ó máa ń wà, níbi tí iṣẹ́ kan ti ń há lójoojúmọ́, tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì ti mú un mọ́ra. Bí ẹ kì í bá ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka náà ní ilé ìwòsàn, kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní àṣetúnṣe nítorí pé irinṣẹ́ kò tó tàbí pé èsì àyẹ̀wò pẹ́ kí ó tó dé.

Àpẹẹrẹ tí n ó máa lò jálẹ̀ ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Ohun tí ń mú ojú àti awọ ọmọ pọ́n ni bilirubin, èyí tí ó ń wá láti ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbó, tí ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára tó láti kó dànù. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ, kí ó di ọmọ náà létí, kí ó sọ ọ́ di arọ, tàbí kí ó pa á. Àwọn ọmọ tí èròjà G6PD, èyí tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó lára wọn wà nínú ewu ju àwọn yòókù lọ, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá ń kó sáàárín aṣọ ọmọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa fọ́ lọ́nà tí bilirubin yóò fi gasókè lójijì. Lára awọ dúdú, pípọ́n yìí kì í tètè hàn. Nọ́ọ̀sì yóò fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ tàbí imú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò wo àwọ̀ tí ó yọ, yóò sì wo ẹyinjú àti èrìgì, síbẹ̀ ìfojúbù náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ ni a lè gbára lé, ṣùgbọ́n láàbù lè jìnnà, iná sì lè lọ. Ìbéèrè tí ó yọ níbẹ̀ ni pé: ṣé a lè fi ìmọ́lẹ̀ wọn bilirubin lára awọ dúdú láìgba ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ìjọba lè rà? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà lágbàáyé, àmọ́ ó wọ́n, àwọ̀ ara a sì máa da ìwọ̀n rẹ̀ rú.

Ẹ wo bí ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ṣe ń pe ènìyàn jọ. Ó pe dókítà ọmọdé àti nọ́ọ̀sì. Ó pe ẹnjiníà tàbí onímọ̀ físíìsì, nítorí pé bilirubin a máa fa ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 450 sí 460 nanometer mọ́ra, èròjà melanin tí ń mú awọ dúdú náà sì ń fa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, a sì ní láti ya ti ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì. Ó pe onímọ̀ ìṣirò. Ó pe ẹni tí ó mọ bí àwọn ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn yìí, tí ó sì lè bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá láìdẹ́rù bà wọ́n. Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò ni pé bí a bá lè yọ ẹnì kan kúrò nínú ẹgbẹ́ náà tí iṣẹ́ kò sì ní yẹ̀, kí a má kọ orúkọ ẹni náà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ẹgbẹ́ jọ kí ìkéde tó jáde

Ìkéde owó ìwádìí kì í fi àyè púpọ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí a sáré kó jọ lẹ́yìn ìkéde sì máa ń hàn lójú àwọn olùṣàyẹ̀wò: ojú ìwé kan yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹnjiníà, ojú ìwé kejì bí dókítà, wọn kò sì ní pàdé níbì kankan. Ní Èkó, ọ̀nà tilẹ̀ wà lára ìṣòro yìí. Àwọn ẹnjiníà Yunifásítì Èkó wà ní Akókà, àwọn dókítà rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LUTH (ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkó), Yàbá àti Ojúẹlẹ́gba sì wà láàárín wọn. Ní LASU (yunifásítì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó), àwọn ẹnjiníà wà ní Ẹ̀pẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ní Ìkẹjà, olú ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní Ọjọ́. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún ìpàdé, kí ẹ máa ṣe é ní wọ́ọ̀dù nígbà kan, ní láàbù ẹnjiníà nígbà mìíràn, kí olúkúlùkù lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹnìkejì ti ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ṣe pàtàkì. Ẹ má fi béèrè fún ìbuwọ́lù. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: «Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Akókà ni mo wà. Mo ti ń ronú lórí bí a ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ wọn ibà pọ́njú ọmọ tuntun, mo sì ń tọrọ àyè kí n wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù yín, kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí mo ń rò lè wúlò fún yín.» Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá ka irú lẹ́tà yìí mọ̀ pé wọ́n wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ òun ni, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ sí èyí tí ń fún ẹni tí ó kàn fẹ́ orúkọ òun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ojú ìwé kan ti tó: ta ni aṣáájú ìwádìí, ta ni yóò máa buwọ́ lu ìnáwó, báwo ni a ó ṣe to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé, ta ni yóò ni ẹ̀rọ náà bí ó bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ ta sì ni àkójọ dátà yóò wà. Láwùjọ tiwa, olùkọ́ kékeré kì í lè wo ojú ọ̀jọ̀gbọ́n kí ó sọ pé, «Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yìí,» nígbà tí èsì bá ti jáde. Bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí owó kankan nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kà á sí àfojúdi. Mo gbà gbọ́ pé àìsí ìwé yìí ti tú ẹgbẹ́ ká ju àìsí owó lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ibi tí owó wà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó ìwádìí ní yunifásítì yín, kí ẹ béèrè irú owó ìwádìí tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń fúnni, ìgbà tí wọ́n ń gba ìwé, àti fọ́ọ̀mù tí ó wà lóde báyìí. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, ń ná owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó sì wà fún. Ọ̀nà méjì ni ó kan wa níbẹ̀: Institution-Based Research, tí ó jẹ́ owó kékeré tí ń gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ yín kọjá kí ó tó dé Abújá, àti National Research Fund, tí ó tóbi jù, tí a sì máa ń fẹ́ rí ẹgbẹ́ tí ó lágbára níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lò ó láti fi múra sílẹ̀ de èkejì.

Láti òkèèrè, National Institutes of Health, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ní owó tí wọ́n ń pè ní R21, tí ó wà fún èrò tuntun, fún ọdún méjì, tí owó iṣẹ́ gan-an inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju $275,000 lọ. Gates Foundation bẹ̀rẹ̀ Grand Challenges Explorations ní 2008 pẹ̀lú ìwé olójú méjì àti $100,000 fún èrò tí ó bá wọlé. Ẹ ka ìkéde kọ̀ọ̀kan dáadáa kí ẹ mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí ní orílẹ̀-èdè wọn lè béèrè. Fún ti Amẹ́ríkà, yunifásítì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ní SAM.gov àti ní eRA Commons (àwọn ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ ìjọba wọn), ìforúkọsílẹ̀ náà sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ àbá náà sí ojú ìwé kan kí ẹ tó fa á gùn

Ní ojú ìwé kan yìí, ìṣòro yóò gba gbólóhùn mẹ́ta, ìbéèrè yóò gba ẹyọ kan, ohun tí ẹ ó ṣe yóò gba ìpínrọ̀ kan, ohun tí èsì yóò mú kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e yóò sì gba ìyókù. Ẹ fún ẹnì kan tí kò sí ní ẹ̀ka ìmọ̀ kankan nínú tiyín kà. Ibi tí ó bá ti dúró béèrè ìtumọ̀ ni olùṣàyẹ̀wò yóò ti dúró.

Ẹ dín iṣẹ́ náà kù. Ohun tí mo rí jù nínú àwọn àbá tí kò wọlé ni pé wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́wàá, kí wọ́n sì yí ìlànà ìjọba padà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó ọdún kan. Èkó ní ẹ̀rí tí ó dára jù fún ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí èyí. Ní Erékùṣù Èkó, àwọn dókítà ọmọdé Tina Slusher àti Bolajoko Olusanya pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fẹ́ mọ̀ bóyá oòrùn lè ṣe iṣẹ́ iná búlúù tí a fi ń tọ́jú ibà pọ́njú, níbi tí iná kò ti dúró. Wọ́n lo àgọ́ tí a fi ọ̀rá pàtàkì bò, èyí tí ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtànṣán tí ń jó awọ àti ooru dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé. Èsì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2014 bójú tó bóyá kò ní ewu àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ti 2015 jáde nínú New England Journal of Medicine, níbi tí wọ́n ti lo ọmọ 447 láti fi oòrùn yìí wé iná búlúù, tí wọ́n sì rí i pé oòrùn náà kò rẹ̀yìn. Ẹni tí ó mọ ọmọdé àti ẹni tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣe èyí tí ó kéré kí wọ́n tó ṣe èyí tí ó tóbi.

Fún ẹ̀rọ tiwa, iṣẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a wọn ọmọ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, kí a sì fi ìwọ̀n ẹ̀rọ wé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní àkókò kan náà. Ẹ sọ ṣáájú iye ìyàtọ̀ tí ẹ lè fara mọ́ àti iye tí yóò mú kí ẹ dá iṣẹ́ dúró. Onímọ̀ ìṣirò yóò kìlọ̀ fún yín pé bí ìwọ̀n méjì bá ń gòkè pọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ pọ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n dọ́gba. Bland àti Altman, àwọn onímọ̀ ìṣirò, ti ṣàlàyé èyí ní 1986, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ láti fi wo ìyàtọ̀ láàárín òṣùwọ̀n méjì ni olùṣàyẹ̀wò yóò sì máa wá. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọ tí ó ti wà lábẹ́ iná búlúù kò ní sí lára wọn, nítorí pé iná náà ń mú kí awọ ọmọ mọ́ kí bilirubin inú ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀. Irú gbólóhùn kékeré yìí ni ó ń jẹ́ kí olùṣàyẹ̀wò mọ̀ pé dókítà wà nínú ẹgbẹ́ náà ní tòótọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣe ètò ìnáwó láti ìsàlẹ̀ wá

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iye tí wọ́n ní àwọn lè fúnni kí ẹ wá máa pín in. Ẹ tẹ̀ lé ọmọ kan láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbà títí di ìgbà tí èsì wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ó ná: fọ́ọ̀mù ìgbàṣẹ, abẹ́rẹ́ tí a fi gún gìgísẹ̀, òwú, ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀, àti bébà fọ́ìlì tí a fi ń wé ọ̀pá náà lójú ẹsẹ̀. Fọ́ìlì yìí kì í ṣe ohun àṣerégèé. Ìmọ́lẹ̀ ń ba bilirubin jẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí láàbù tó gbà á, ìwọ̀n rẹ̀ yóò wálẹ̀, ẹ ó sì máa bá ẹ̀rọ yín wí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yóò bá ti Erékùṣù lọ sí Ìdí-Àràbà, ẹ kọ owó kúlà àti yìnyín sí i, kí ẹ sì fi wákàtí tí Afárá Third Mainland lè gbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ti òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ sí i bí ìlànà bá gbà á. Ẹ fi owó ọkọ̀ fún ìyá tí yóò padà wá. Ẹ fi owó onímọ̀ ìṣirò sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí a pè nígbà tí iṣẹ́ ti parí kò lè tún ohun tí a kó jọ lọ́nà tí kò dára ṣe. Ohun tí a ń rà láti òkèèrè nílò ìṣọ́ra: láti Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, ètò ìnáwó tí a ṣe ní January lè má ra ìdajì kẹ́míkà tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà tí owó bá jáde. Ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ olùtajà méjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó dín kù bí iye bá lọ sókè. Mo fẹ́ràn kí a sọ èyí ní gbangba nínú àbá náà ju kí a máa wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbàṣẹ ní ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àbá

Nàìjíríà ní ìlànà ìwà fún ìwádìí ìlera láti 2007, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 sì fún NHREC, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ń bójú tó ìwà nínú ìwádìí ìlera, ní agbára lórí rẹ̀. Ilé ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè ní Yàbá, náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Erékùṣù, àṣẹ ìgbìmọ̀ Ìdí-Àràbà nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ gba ti àwọn aláṣẹ ìlera ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí àyẹ̀wò kan yóò bá jáde kúrò ní Nàìjíríà, ẹ nílò ìwé àdéhùn pàtàkì lórí rẹ̀ kí ó tó jáde. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì kan orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àwòrán ọmọ: ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àmì, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tí ó so àmì mọ́ orúkọ sí ibòmíràn.

Apá tí ó gba ọgbọ́n jù ni ìgbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ara ń ro, tí ó sì ń bẹ̀rù owó ilé ìwòsàn, lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohun gbogbo tí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun bá béèrè. Kí ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú rẹ̀ gan-an ni yóò bá a sọ̀rọ̀, kí ó jókòó, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tí ìyá náà gbọ́: «Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o. Ìwádìí ni a ń ṣe. Bí ẹ bá ní ẹ kò fẹ́, ìtọ́jú ọmọ yín kò ní yí padà rárá.» Kí ó ní kí ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó yé e. Ẹ kọ ìwé náà ní Yorùbá láti ìpìlẹ̀, kí ẹ kà á sókè fún àwọn ìyá kan ní kíníìkì àwọn aboyún, kí ẹ sì tún gbólóhùn tí ó bá rú wọn lójú kọ. Ẹ rántí bàbá àti ìyá àgbà tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì; wọ́n ní ọ̀rọ̀ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ni yóò buwọ́ lù ú.

Ìgbésẹ̀ keje: ìfìwéránṣẹ́ àti èsì

Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì má baà dá yín dúró. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ àwọn olùṣàyẹ̀wò, kí ẹ pín in sí ọ̀nà méjì: ohun tí kò yé wọn àti ohun tí wọn kò gbà. Èyí tí kò yé wọn, ẹ tún un kọ. Èyí tí wọn kò gbà, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín lórí rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀ka rẹ̀ sì dáhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìnáwó, ìṣirò, àti ìbéèrè tí ó kàn

Nígbà tí owó bá dé, iṣẹ́ tí ó ń pẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ béèrè kẹ́míkà, ẹ gba nọ́ọ̀sì ìwádìí, ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ẹ ní ìwé kan tí gbogbo rìsíìtì ń lẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́, nítorí pé bọ́sà yóò béèrè wọn kí ó tó fi ìpín kejì sílẹ̀, rìsíìtì yìnyín àti ti ọkọ̀ ni ó sì máa ń sọnù jù. Bí ibi tí ẹ ti ń rà á kì í bá fúnni ní rìsíìtì, ẹ bi bọ́sà ṣáájú irú ìwé tí yóò gbà dípò rẹ̀.

Ẹ máa wo dátà lóṣooṣù, kí ẹ má jẹ́ kí ó di òkìtì. Nígbà tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ bá ti wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè owó tí ó tóbi, kí owó kékeré má baà tán kí ẹgbẹ́ sì tú. Bí ẹ̀rọ náà kò bá ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ tí awọ wọn dúdú jù, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èsì náà ni owó yín rà, ó sì lè jẹ́ ìdí tí ẹlòmíràn yóò fi fún yín lówó láti yí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ lò padà. Ẹ gbé èsì padà lọ sí wọ́ọ̀dù ṣáájú kí ẹ tó gbé e lọ sí àpérò kankan, kí àwọn nọ́ọ̀sì wò ó, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwòrán tí ó fi ìwọ̀n ẹ̀rọ wé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìbéèrè tuntun náà, kí ẹ kọ iye ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé tí ìgbìmọ̀ fi gbà yín láàyè.